Ọ̀pá Ìwọ̀n Bàbá Mi Àgbà

Olóòtú ìwé wa yìí bẹ̀ mí pé kí n kọ nǹkan díẹ̀ nípa iṣẹ́ ọwọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò bu iyì kún mi, ṣùgbọ́n n kò ní fi í pamọ́, nítorí pé ẹni tí ó jìn sí kòtò ni ó ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Bàbá tí ó bí bàbá mi jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ní Lafẹ́nwá, ní Abẹ́òkúta. Kì í ṣe àga tàbí ilẹ̀kùn ni iṣẹ́ rẹ̀, bí kò ṣe ara ọkọ̀ onípákó tí a ń pè ní bọ́lẹ̀kájà. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, àwọn ẹgbẹ́ mi a máa fi mí ṣe ẹlẹ́yà nítorí ìyẹ̀fun igi tí ó ń wà lára aṣọ mi. Ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi kọ̀ láti bá bàbá àgbà di ayùn mú mọ́. Ìwé ni mo gbá mú, mo sì rò pé ọgbọ́n kò sí níbòmíràn.

Ní ọdún tí ó kọjá, mo ka ìtàn ilé kékeré kan tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, tí wọ́n ń fà kiri láti sùn nínú rẹ̀ ní ìrìn àjò. Ó rí bí ẹ̀kán omijé: iwájú rẹ̀ rí roboto, ẹ̀yìn rẹ̀ sì rọra tín-ín-rín. Ènìyàn méjì ni ó lè sùn níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè dìde dúró nínú rẹ̀. Bí a bá gbé ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, ibi ìdáná ni yóò yọ síni. Láti àwọn ọdún 1930 ni wọ́n ti ń ṣe é, nígbà tí àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ ń wo ọkọ̀ òfuurufú ṣe àwòkọ́ṣe, kí afẹ́fẹ́ má baà dá ohun tí wọ́n ṣe dúró. Lẹ́yìn ogun ńlá tí ó parí ní 1945, wọ́n rí irin fífúyẹ́ àti ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí àwọn ọmọ-ogun kò lò mọ́ rà ní owó pọ́ọ́kú. Ní oṣù September 1947, ìwé Mechanix Illustrated tẹ àwòrán àti ìwọ̀n rẹ̀ jáde, kí olúkúlùkù lè kan tirẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Ìwọ̀n tí ó wọ́pọ̀ ni ẹsẹ̀ bàtà 4 ní ìbú àti 8 ní gígùn, nítorí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni pákó tí wọ́n ń rà ní ọjà rí.

Nígbà tí a gba ìsinmi, mo mú àwòrán náà lọ sí ilé. Mo dọ̀bálẹ̀ kí bàbá àgbà, mo sì nà án sí i. Bàbá kò ka ìwé, ṣùgbọ́n ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì fi ìka kan ibi tí ìdérí ẹ̀yìn gbé pàdé òrùlé. Ó ní, "Ọmọ mi, ibí yìí ni òjò yóò gbà wọlé." Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìwé náà wí ní ojú ewé kejì! Ẹnu yà mí, mo sì jókòó ti bàbá.

Ó wá sọ bí iṣẹ́ tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìgbà àwọn bàbá rẹ̀, orí ni ọkọ̀ wa, odò Ògùn sì ni ọ̀nà wa dé Èkó. Ojú irin tí a bẹ̀rẹ̀ sí tẹ́ láti Èkó ní 1896, tí a ṣí dé Ìbàdàn ní 1901, gba ìlú wa kọjá, ṣùgbọ́n rélùwéè kò lè yà sí gbogbo abúlé láti kó obì àti kòkó. Ọkọ̀ akẹ́rù ni ó lè ṣe é. Àwọn òyìnbó a máa fi ọkọ̀ òkun kó ìdí ọkọ̀ lásán wá, irin gbọọrọ àti ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ mẹ́rin, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni kò fi gba àyè. Bedford, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní ìlú Luton ní 1931, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Gbẹ́nàgbẹ́nà ilẹ̀ wa ni ó ń fi igi wọ̀ ọ́ ní aṣọ: ìrókò fún egungun rẹ̀, nítorí pé ikán kì í jẹ ẹ́ bọ̀rọ̀, àti àfàrà fún pákó ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Bí òjò bá dé, a ó tú tàpólì sílẹ̀. Ìjókòó rẹ̀ ṣeé yọ, kí ọkọ̀ tí ó gbé èrò lọ lè gbé ẹrù bọ̀. Bí ó bá sì fọ́ ní ọ̀nà, gbẹ́nàgbẹ́nà abúlé kan lè tún un ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ onírin tí a ti ṣe parí ní òkè òkun pọ̀ ní ìgboro, iṣẹ́ náà kú. Wọlé Ṣóyínká, tí a bí ní Abẹ́òkúta ní 1934, ti fi àfọ́kù bọ́lẹ̀kájà kan sí orí ìtàgé nínú eré rẹ̀, The Road, ní 1965.

Mo bi bàbá nípa ọ̀pá ìwọ̀n rẹ̀, èyí tí ó ní àmì méje. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Ìwọ ni o dá a sí iná, ní ọjọ́ tí òjò pa igi ìdáná wa."

N kò rántí ọjọ́ náà. Èyí ni ó dùn mí jù: mo sun ìwé kan, n kò sì mọ̀ pé ìwé ni.

Ní ọjọ́ kejì, mo gé ọ̀pá tuntun. Bàbá jókòó, ó tẹ orúnkún, ó na apá, ó sì ní kí n fi ọ̀bẹ sàmì: gíga ìjókòó, àyè orúnkún, gíga ẹ̀gbẹ́ tí ọmọdé kò fi ní ṣubú, gíga òrùlé tí kò fi ní kan gèlè ìyá ọlọ́jà. Mẹ́rin ni ó rántí. Mẹ́ta ti lọ.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, a ó di olùkọ́ láìpẹ́, a ó sì máa gba ìwé lọ́wọ́ àwọn ọmọ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Olúwa wa pàápàá ṣe iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ní Násárẹ́tì, kò sì tijú rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá lọ fún ìsinmi, ẹ mú ìwé àti gègé lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn àgbà yín, kí ẹ béèrè iṣẹ́ wọn lọ́wọ́ wọn nígbà tí ọwọ́ wọn ṣì rántí. Ọ̀pá tèmi wà ní ìgbèrí ibùsùn mi. Mo fi àyè mẹ́ta sílẹ̀ lára rẹ̀, bóyá bàbá yóò tún rántí.