Ẹrù Tí A Dì Tí A Kò Tú Wò

Ohun méjì wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kà sí ọ̀kan ṣoṣo: kí a fi nǹkan pamọ́, àti kí a rí i mú jáde ní ọjọ́ tí a bá nílò rẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó kó àgbàdo sínú àká kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ebi, àfi ní ọjọ́ tí ó bá ṣí àká náà tí ó sì rí i pé kòkòrò kò tíì jẹ ẹ́ tán. Ọmọ ilé-ìwé tí ó da ọ̀rọ̀ olùkọ́ rẹ̀ kọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ kò tíì gba ẹ̀kọ́; ìgbà tí olùkọ́ bá ní kí ó pa ìwé dé kí ó sì dáhùn ni a tó mọ ohun tí ó wà lọ́pọlọ rẹ̀. Bóyá ni ibì kan wà tí òtítọ́ yìí ti hàn tó ìdí àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá tí ilé ìfowópamọ́ àti ilé-iṣẹ́ ìjọba ń lò, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ń kó àkọsílẹ̀ kúrò nínú èyí tí ó ti gbó bọ́ sínú tuntun.

Láti ìgbà pípẹ́ ni a ti ń fi àdàkọ irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ pamọ́ sórí téèpù. Ní ọdún 1952, ilé-iṣẹ́ IBM gbé ẹ̀rọ téèpù tí wọ́n pè ní 726 jáde pẹ̀lú kọ̀ǹpútà 701. Téèpù náà jẹ́ ọ̀já oníke tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó fẹ̀ tó ìdajì ínṣì, tí a fi èròjà irin kùn lójú kan. Bí ó ti ń sáré kọjá lábẹ́ orí ẹ̀rọ, agbára òòfà ń tẹ àmì sí i lára ní ìlà méje tí ó ń lọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn bí poro oko. Mẹ́fà nínú ìlà wọ̀nyí ni ó ń gbé lẹ́tà tàbí nọ́ńbà. Ìkeje jẹ́ ẹlẹ́rìí, tí ń sọ fún ẹ̀rọ bí àmì kan bá ti yí padà nínú àwọn yòókù.

Nígbà tí ó di ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1964, IBM kéde ìdílé kọ̀ǹpútà tuntun kan, System/360. Ìlà orí téèpù di mẹ́sàn-án: mẹ́jọ fún ọ̀rọ̀, ọ̀kan fún ẹlẹ́rìí. Ilé-iṣẹ́ tí ó ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún róòlù jọ láti ọdún mélòó kan wá rí i pé orí ẹ̀rọ onílà mẹ́sàn-án kò lè ka téèpù onílà méje. IBM fúnra rẹ̀ ní láti ta ẹ̀rọ téèpù tí ó ní orí onílà méje mọ́ kọ̀ǹpútà tuntun náà, kí ohun àtijọ́ má baà di aláìlédè. Ọ̀rọ̀ àmì lẹ́tà tún wà ńbẹ̀. Nínú ètò EBCDIC tí System/360 ń lò, nọ́ńbà 193 ni ó dúró fún lẹ́tà A. Nínú ètò ASCII tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà mìíràn ń lò, 65 ni. Nítorí náà, orúkọ ènìyàn lè dé inú ẹ̀rọ tuntun láìsí àmì kan tí ó sọnù, síbẹ̀ kí ó di ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè kà. Bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù ògìdìgbó. Ọlọ́gbọ́n ní ń jó o, ọ̀mọ̀ràn ní ń mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a wo òṣìṣẹ́ tí ó wà nídìí irú iṣẹ́ kíkó bẹ́ẹ̀ ní òru. Owó ìfẹ̀yìntì àwọn arúgbó wà lórí róòlù tí ó gbé kọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà sì dá dúró láàárín, ó ní òun kò rí i kà mọ́. Ohun tí ọlọ́gbọ́n kọ́kọ́ ṣe ni pé ó yọ òrùka oníke tí ó wà lẹ́yìn róòlù kúrò. Bí òrùka yìí kò bá sí níbẹ̀, ẹ̀rọ kò lè kọ ohunkóhun lé téèpù náà lórí. Ẹni tí ń wá ohun tí ó sọnù kò gbọdọ̀ tún ba èyí tí ó kù jẹ́. Lẹ́yìn èyí ni ó nu orí ẹ̀rọ, nítorí èérún tí ń bọ́ lára téèpù máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Bí kò bá tíì kà á, ó gbé róòlù náà lọ sórí ẹ̀rọ kejì, ó sì gbé róòlù mìíràn kọ́ ẹ̀rọ àkọ́kọ́. Bí róòlù kan ṣoṣo bá kọ̀ níbi gbogbo, téèpù ni ó ní àrùn. Bí ẹ̀rọ kan bá kọ gbogbo róòlù, ẹ̀rọ ni. Bí méjèèjì bá yè, ó kù kí ó yẹ orúkọ tí a kọ sí ìbẹ̀rẹ̀ téèpù wò, àti iye àmì tí a tẹ̀ sínú ínṣì kan, àti ètò lẹ́tà tí a lò.

Ìṣòro kan wà tí ó burú ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ, nítorí pé kì í kígbe. Orí ẹ̀rọ kan lè wọ́ díẹ̀. Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń kọ̀wé ní wíwọ́, ó sì ń ka ohun tí ó kọ ní wíwọ́ bákan náà, gbogbo rẹ̀ sì dọ́gba lójú ara rẹ̀, bí ọmọ ilé-ìwé tí ń fúnra rẹ̀ máàkì iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún márùn-ún lè kọjá tí gbogbo ìdánwò ń yege. Ọjọ́ tí wọ́n bá ta ẹ̀rọ náà dànù, tí wọ́n gbé téèpù rẹ̀ lọ sórí tuntun, ni wọn yóò tó mọ̀ pé àwọn kò ní àdàkọ kankan.

Ìdajì téèpù ni ẹ̀rọ tí ó lè kà á. Ní ọdún 1966 àti 1967, ọkọ̀ òfuurufú márùn-ún tí Amẹ́ríkà pè ní Lunar Orbiter ya àwòrán òṣùpá, a sì gba àwòrán wọ̀nyí sílẹ̀ sórí téèpù. Obìnrin kan, Nancy Evans, kò gbà kí a da àwọn téèpù náà nù. Ẹ̀wẹ̀, ó tún wá àwọn ẹ̀rọ Ampex tí ó lè kà wọ́n, ó sì tọ́jú wọn sí àyíká ilé rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí èyí ni ó fi ṣeé ṣe ní ọdún 2008 láti tún ẹ̀rọ ṣe, kí a sì gba àwòrán ayé tí a yà láti ẹ̀gbẹ́ òṣùpá ní ọdún 1966 padà, ní dídán ju bí a ti rí i tẹ́lẹ̀ lọ.

Èrè ìtọ́jú tún hàn ní oṣù kejì ọdún 2011. Àyípadà tí Google ṣe sí ètò ìpamọ́ rẹ̀ ní àléébù, ó sì pa lẹ́tà nǹkan bí ẹni 2 nínú 10,000 tí ń lo Gmail rẹ́. Àdàkọ pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wọn, ṣùgbọ́n àléébù kan náà ni ó kan wọn. Téèpù tí ó wà lọ́tọ̀, tí okùn kankan kò so mọ́ ẹ̀rọ, ni ó yọ wọ́n.

Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì di ìtàn. Ẹ̀rọ téèpù LTO-8 tí ó jáde ní ọdún 2017 ń ka LTO-7 àti LTO-8 nìkan; ẹni tí àdàkọ rẹ̀ wà lórí LTO-6 tí ó sì ju ẹ̀rọ àtijọ́ nù ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Kò sì pọn dandan kí ènìyàn ní kọ̀ǹpútà ńlá kí èyí tó kàn án. Ilé-ìwé tí ń kó orúkọ àti máàkì àwọn ọmọ kúrò nínú kọ̀ǹpútà kan bọ́ sí òmíràn wà lójú ọ̀nà kan náà. Kí ọ̀gá ilé-ìwé tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n gbé ti àtijọ́ lọ, kí ó mú orúkọ ọmọ mẹ́wàá láti inú rẹ̀, kí ó wá wọn nínú tuntun, kí ó ka máàkì wọn síta, kí ó sì ka iye gbogbo ọmọ bóyá ó pé. Ẹni kan kì í fi iná sórí òrùlé kí ó lọ sùn. Máàkì tí ó sọnù nínú ẹ̀rọ lè jẹ́ ìwé ẹ̀rí tí ọmọ kan yóò wá béèrè ní ogún ọdún sí i, nígbà tí olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n kò ní sí níbẹ̀ mọ́ láti jẹ́rìí.