Níbi Tí Ojú Ìwé Ti Parí

HTML kò mọ ohun tó ń jẹ́ ojú ìwé. Bí ojú kọ̀ǹpútà bá fẹ̀, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ a fẹ̀. Bó bá há, a súnra kì. PDF tí Adobe gbé jáde ní 1993 kò gba irú ìyẹn. Ibi tó bá fi lẹ́tà sí ni yóò wà, ì báà jẹ́ Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣí i tàbí London. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ti àkọ́kọ́ di ìkejì ní láti pinnu ibi tí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan yóò parí sí.

Ọ̀pọ̀ a máa tẹ bọ́tìnì ìtẹ̀wé ti Chrome, wọn a sì gba ohun tó bá jáde, tòun ti déètì àti àdírẹ́sì tó máa ń lẹ̀ mọ́ etí bébà. Agídí tèmi ò jẹ́ kí n gbà bẹ́ẹ̀. WeasyPrint ni mò ń lò, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí ilé-iṣẹ́ Kozea bẹ̀rẹ̀ ní Faransé ní 2011. Kò ní bọ́tìnì kankan. Ìlà kan la ó kọ:

weasyprint iwe.html iwe.pdf -s ewa.css

Inú ewa.css yẹn, fáìlì CSS tó ń pàṣẹ bí ìwé yóò ṣe rí, ni iṣẹ́ wà. Mo fi @page sọ pé A4 ni bébà, pé kí nọ́ńbà wà láàárín nísàlẹ̀. Mo kọ break-after: avoid fún àkọlé, torí kò sóhun tó ń bí mi nínú tó àkọlé tó dá wà nísàlẹ̀ bébà nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti sá lọ sí ojú ìwé kejì.

Ti Yorùbá tún le díẹ̀. Nínú Unicode, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, é náà ní, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. Ẹ la ó kọ́kọ́ kọ, ká tó gbé àmì ohùn lé e. Fọ́ǹtì ló gbọ́dọ̀ mọ ibi tí àmì náà yóò jókòó. Èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi fìlà tí kò ba orí mu, tàbí kó fi àpótí kékeré rọ́pò rẹ̀. Fọ́ǹtì Charis SIL kì í dójú tini. Bí mo bá sì ti fi @font-face pè é, yóò wọ inú PDF náà lọ, ẹni tó ń kà á kò ní láti ní in.

WeasyPrint kì í ka JavaScript o. Ìwé tó jẹ́ pé JavaScript ló ń kó ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wá yóò jáde lófìfo. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún Chrome, tòun náà ní àṣẹ --print-to-pdf. Ní ti wkhtmltopdf tí àwọn àgbà iṣẹ́ yìí ń lò tẹ́lẹ̀, àwọn tó ni ín ti pa á tì. Mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ báyìí.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú CSS yìí ni target-counter, tó ń fi nọ́ńbà ojú ìwé orí kọ̀ọ̀kan sínú àkóónú. Bí mo bá fi ìpínrọ̀ mẹ́ta kún orí kejì, tí mo tún ìlà kan ṣoṣo yẹn sáré, nọ́ńbà inú àkóónú a tún ara wọn tò, láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kan ọ̀kan nínú wọn.