Ẹni Tó Ń Ra Díẹ̀ Ló Ń San Jù

Bí àwọn òbí wa bá ń sọ̀rọ̀ GSM ọdún 2001, bí àlọ́ ló ń rí létí mi: SIM nìkan ju 10,000 náírà lọ, ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú ni wọ́n sì ń gba owó ìpè. Ọdún 2003 ni Glo dé, tó ń ka tiẹ̀ ní sẹ́kọ́ńdù. Àwọn yòókù tẹ̀lé e, owó sì wálẹ̀.

Lónìí, láìnì tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà ti ju mílíọ̀nù 150 lọ, dátà ni gbogbo ayé sì ń rà báyìí. Àmọ́ ní oṣù January 2025, àjọ NCC gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ fi tó ìdá 50 nínú 100 kún owó wọn. Wọ́n ní epo dísù àti dọ́là ti gbówó lórí. Òótọ́ ni.

Ṣùgbọ́n ní Dàda Estate níbí, màmá mi ò lè ra dátà oṣù kan. Ti ọjọ́ kan ni wọ́n ń rà, bí ẹni ń ra gàrí ní agolo. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: MB kan tiwa wọ́n ju ti olówó lọ! WAEC sì ń bọ̀.

Ìdíje ló mú owó ìpè wálẹ̀. Òun náà ni mò ń retí fún dátà. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ̀yin ará kíláàsì, ẹni tó bá dáńlóòdù fídíò mátíìsì, kó fi Xender pín in fún wa. Ìyẹn ò jẹ dátà.