Ẹ Má Tíì Lé Òórùn Èéfín Náà

Ẹni tó bá ra párásúùtì àlòkù ní Amẹ́ríkà, tó tú àpò rẹ̀ wò, tí òórùn èéfín sì gbá a nímú, ohun tí yóò kọ́kọ́ wá ni ọ̀nà tí òórùn náà yóò fi kúrò. Mi ò bá a wí. Ohun èlò tuntun wọ́n púpọ̀, àlòkù ló sì máa ń gba ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń bẹ́ sílẹ̀ láti inú bàálù. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀, nítorí imú ló fi ṣe adájọ́. Bí imú kò bá gbọ́ nǹkan kan mọ́, ẹjọ́ ti parí nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, ohun tó lè ba aṣọ párásúùtì jẹ́ kì í sábà ní òórùn rárá.

Àwọn ọ̀nà tí à ń gbà lé òórùn nínú ilé gan-an ló kọ́kọ́ yẹ ká bẹ̀rù. Náílọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń hun aṣọ párásúùtì. Fíníga tó máa ń gba òórùn kúrò lára aṣọ òwú, ásíìdì ni, ásíìdì sì ni ọ̀tá náílọ́ọ̀nù. Bílíìṣì tún burú jù ú lọ. Oòrùn tí àwọn ìyá wa gbà pé kò sí òórùn tí kò lè pa, ìtànṣán rẹ̀ máa ń jẹ fọ́nrán náílọ́ọ̀nù díẹ̀díẹ̀ títí agbára rẹ̀ yóò fi tán. Ẹ̀rọ ózónì, tí àwọn tó ń ta mọ́tò àlòkù fi ń lé òórùn sìgá, máa ń mú kí rọ́bà gbó kó sì sán, rọ́bà ni wọ́n sì sábà fi ń so okùn párásúùtì mọ́ra nínú àpò. Ẹ̀rọ tó ń fi ooru gbẹ aṣọ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ párásúùtì òde òní ló jẹ́ pé okùn Spectra ló gbé e dání. Okùn yìí máa ń yọ́ ní nǹkan bíi 150 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ooru sì ti máa ń sún un kì kó tó débẹ̀. Bí okùn apá kan bá wá kúrú ju ti apá kejì lọ, párásúùtì náà kò ní lọ tààrà mọ́. Ní ti lọ́fínńdà, òórùn lórí òórùn lásán ni.

Ẹnìkan lè ní, ṣebí omi àti ọṣẹ wà, àti pé àwọn tó já sínú òkun máa ń fi omi tó mọ́ ṣan párásúùtì wọn, wọ́n á sì tún fi fò. Òótọ́ ni. Wọ́n ń ṣan án nítorí pé iyọ̀ burú ju omi lọ, kì í ṣe nítorí pé omi dára fún un. Aṣọ párásúùtì àdápamọ́, èyí tí ẹ̀mí ń bọ́ sí lọ́wọ́ nígbà tí àkọ́kọ́ bá kọ̀, gbọ́dọ̀ há mọ́ra débi pé atẹ́gùn kò ní lè gba inú rẹ̀ kọjá bó ṣe wù ú. Fífọ̀ máa ń tú híhá yẹn sílẹ̀, kódà dídì àti títú lásán ń ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Performance Designs ní DeLand, ní ìpínlẹ̀ Florida, ní kí wọ́n dá àdápamọ́ tí wọ́n ṣe padà fún àyẹ̀wò lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dì í ní ìgbà 40, tàbí tí wọ́n bá ti lò ó ní ìgbà 25. Bí ọwọ́ tó ń dì í bá ní òǹkà, ẹ wo ohun tí ọwọ́ tó ń fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ yóò ṣe. Àpò àti ìgbànú rẹ̀ nìkan ni mo lè gbà kí wọ́n fọ̀, pẹ̀lú ọṣẹ tí kò le àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, lẹ́yìn tí rigger, ẹni tí ìjọba fún níwèé àṣẹ iṣẹ́ náà, bá ti yọ àdápamọ́ àti ẹ̀rọ tó ń ṣí i fúnra rẹ̀ kúrò.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí kò tíì kan ohun tó ká mi lára jù: èéfín wo ni? Bó bá jẹ́ ti sìgá, ara ènìyàn ló ń yọ lẹ́nu ju aṣọ lọ. Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Lawrence Berkeley National Laboratory ní California fi hàn pé níkótíìnì tó lẹ̀ mọ́ ara nǹkan lè dàpọ̀ mọ́ ásíìdì náítírọ́ọ̀sì inú afẹ́fẹ́ ilé, kó sì di àwọn èròjà tó lè fa jẹjẹrẹ. Ó tọ́ kéèyàn fẹ́ kó lọ. Bó bá jẹ́ pé ilé tó jóná ni wọ́n ti gbé e jáde, ọ̀rọ̀ di òmíràn. Ike PVC tó wà lára wáyà iná àti páìpù omi, bó bá ń jó, èéfín háídírójìn kílóráìdì ló ń tú jáde. Bí èyí bá sì bá omi pàdé, ásíìdì tó le ni. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan nínú àpò, imú ẹni tó rà á lè má mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì.

Ohun tí ásíìdì ń ṣe fún párásúùtì, wọ́n ti rí i rí láìsí èéfín kankan. Ní àárín àwọn ọdún 1980, wọ́n rí i pé àwọ̀n tí wọ́n rán mọ́ ojú ihò àwọn párásúùtì àdápamọ́ olóbìírípo kan ní ásíìdì lára, ó sì ń jẹ náílọ́ọ̀nù tó bá fara kàn án. Aṣọ náà funfun, ó mọ́, ojú kò rí nǹkan kan. Àwọn rigger wá ń kán oje kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ bromocresol green sórí àwọ̀n náà: bí kò bá sí ásíìdì, àwọ̀ búlúù rẹ̀ á dúró, bí ó bá wà, á di àwọ̀ ìyeyè bíi pupa inú ẹyin. Wọ́n á tún fi irin há aṣọ náà ní ìhà méjèèjì, wọ́n á fi òṣùwọ̀n fà á, bóyá yóò ya. Àwọn kan ya bíi bébà.

Bí àyẹ̀wò báyìí bá wà, ṣé òórùn ṣì wúlò? Ó wúlò gan-an. Ibi tí rigger bá kán oje sí, tó sì fà, nìkan ni àyẹ̀wò rẹ̀ dé. Òórùn ló ń sọ fún un pé ó yẹ kó wá nǹkan, àti ibi tó ti le jù. Ẹ tún wo èyí: omi lè ṣan ásíìdì kúrò, ṣùgbọ́n kò lè so fọ́nrán tó ti já. Lẹ́yìn fífọ̀, oje náà lè fi hàn pé ara aṣọ mọ́, nígbà tí agbára rẹ̀ ti lọ. Nítorí náà, ẹni tó fọ párásúùtì kó tó gbé e fún rigger ti pa ẹlẹ́rìí kan lẹ́nu mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú rere ló fi ṣe é.

Kò sì ná ẹnikẹ́ni ní ohun púpọ̀ láti dúró. Òfin Amẹ́ríkà ti ní kí rigger máa tú àdápamọ́ náílọ́ọ̀nù wò kó sì tún un dì láàárín ọjọ́ 180, olùrà yóò sì gbé e lọ náà ni. Kó gbé e lọ pẹ̀lú òórùn rẹ̀, kó sì bi olùtà ní ìbéèrè gbangba: inú ilé ẹni tó ń mu sìgá ni, àbí iná jó níbẹ̀? Bí rigger bá ní kò sóhun tó ṣe é, kó tẹ́ ẹ sínú yàrá tí oòrùn kò dé, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kó gbé èédú sínú agolo sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó má bù ú sí i lára. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èyí tí olùtà bá sì ti fi lọ́fínńdà bò kí n tó dé, kó yáa máa tà á fún ẹlòmíràn.