Ìlù Tí Kò Ki Ẹnikẹ́ni

Nílé tiwa, ìlù kì í dún lásán. Bí onígángan bá rí ọ lágbo, yóò pè ọ́ lórúkọ, yóò pe bàbá rẹ, yóò pe bàbá tó bí bàbá rẹ, ọwọ́ rẹ yóò sì ti wọ àpò kí o tó mọ̀. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti tọ́ àwa méjèèjì dàgbà, ọmọ bàbá ahunṣọ kan. Láti kékeré la ti gbà pé ìlù tí kò bá sọ̀rọ̀, ariwo ni.

Ẹ wá wò ó o. Láti bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àwo orin tí a gbọ́ jù, ìlù inú rẹ̀ kò sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Kò ki ẹnikẹ́ni. Kò tilẹ̀ sí onílù níbẹ̀. Ẹ̀rọ ni.

Streetcleaner ni orúkọ àwo náà. Godflesh, ẹgbẹ́ olórin kan láti ìlú Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe é, ó sì jáde lóṣù kọkànlá ọdún 1989. Wọn ò tíì bí ẹnì kankan nínú àwa méjèèjì nígbà náà. Ẹ̀yà orin tí wọ́n ń pè ní industrial metal ni: gìtá tó wúwo bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ irin nílẹ̀ẹ́lẹ̀, àti ìlù tó ń gbá bí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́.

Birmingham yẹn náà là ń gbé báyìí. Ẹ̀gbọ́n nínú wa ń kọ kóòdù fún iléeṣẹ́ kan. Àbúrò ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé ìkẹ́rùsí ńlá kan lẹ́yìn ìlú. Yàrá méjì, kíṣìnì kan, tábìlì kan. Bí ọ̀kan bá ń wọlé, èkejì ń jáde. Ọ̀gbẹ́ni àgbàlagbà kan níbi iṣẹ́ kóòdù, ọmọ bíbí ìlú náà, tí bàbá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ mọ́tò rí, ló gbé CD náà wá lọ́jọ́ kan. Àtúntẹ̀ tí wọ́n ṣe ní 2010 ni, CD méjì nínú páálí kan. Ó ní a ti ń gbé inú ìlú yìí tó ọdún kan, a ò sì tíì gbọ́ bó ṣe ń dún.

Ká má purọ́, ẹ̀rín la fi rín in lọ́jọ́ kìíní. A bi ara wa pé ṣé ẹ̀rọ ìlọta ló bàjẹ́ ni. Àwòrán iwájú páálí náà tún wá dá kún un. Inú Altered States, fíìmù tí Ken Russell ṣe ní 1980, ni wọ́n ti mú un: iná, àgbélébùú, èèyàn tí wọ́n kàn mọ́ ọn. Màmá wa rí i lórí fídíò lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí lẹ gbé sílé yẹn? Ẹ yí ojú ẹ̀ dé ògiri o." A yí i. Títí dòní, ojú ògiri ló kọ sí nígbàkígbà tí màmá bá pè.

Àbúrò ló kọ́kọ́ yéé rẹ́rìn-ín. Ó ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, ó bá orin náà lẹ́nu, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Ibi iṣẹ́ wa rèé."

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé. Níbi iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n ń so mọ́ ọwọ́. Ẹ̀rọ náà ló ń sọ ibi tí wà á lọ, ẹrù tí wà á gbé, àti ìṣẹ́jú àáyá tó kù fún ọ. Bí o bá gbé e tán, yóò ké píì, òmíràn ti dé. Kì í bínú. Kì í kú oríire. Kò mọ̀ ọ́ rárá. Láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago mẹ́fà àárọ̀, píì, píì, píì. Èyí tó tún wá ká ẹ̀gbọ́n lára ni pé irú kóòdù tí òun ń kọ lọ́sàn-án ló ń da àbúrò láàmú lóru. Kì í ṣe iléeṣẹ́ kan náà, àmọ́ iṣẹ́ kan náà ni: ẹnì kan jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó kọ ọ́ pé iye ìṣẹ́jú àáyá báyìí ló yẹ kó tó èèyàn. A ò tíì sọ ọ́ síta láàárín ara wa rí kí orin yìí tó dé.

Ìlú irin ni Birmingham. Nílé iṣẹ́ irin kan níbẹ̀ ni ẹ̀rọ ti gé orí ìka méjì Tony Iommi nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 17. Ó yọ́ ike, ó fi ṣe orí ìka míì, ó padà sídìí gìtá, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ Black Sabbath sì gbé àwo wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1970. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ibẹ̀ ni metal ti ṣẹ̀. Nínú ìlú tí ẹ̀rọ ti gé ìka olórin ni wọ́n ti wá mú ẹ̀rọ wọnú ẹgbẹ́ olórin.

Ẹni tó mú un wọlé ni Justin Broadrick. Birmingham ni wọ́n bí i sí ní 1969. Kò tíì pé ogún ọdún tó fi ta gìtá sí ojú kìíní àwo Scum ti Napalm Death, tó jáde ní 1987. Lẹ́yìn ìyẹn ló lu ìlù fún ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Head of David. Ẹ kíyè sí i dáadáa: onílù ni. Ó mọ ìlù ú lù. Àmọ́ nígbà tí òun àti G. C. Green tó ń ta gìtá béèsì dá Godflesh sílẹ̀ ní 1988, wọn ò wá onílù kankan. Ẹ̀rọ ìlù ni wọ́n fi ṣe ẹni kẹta.

Kí ló dé? Èsì tiwa, láti ibi tí a jókòó sí, ni pé ẹ̀rọ náà ò díbọ́n. Kò ṣe bí ẹni pé èèyàn ni òun. Ó ń gbá lójú kan, kò yẹ̀, kò rẹ̀ ẹ́. Lókè rẹ̀ wá ni gìtá ti ń ké, ohùn Broadrick ń bú bí ohùn ẹni tí nǹkan wó lù, ó ń wá ibi tí yóò fẹsẹ̀ lé. Bí ẹ bá fi hẹ́dífóònù gbọ́ ọ, ẹ ó rí i pé ohun tó wúwo nínú orin náà kọ́ ni ẹ̀rọ. Ohun tó wúwo ni èèyàn tó ń gbìyànjú láti bá ẹ̀rọ rìn. Ká ní onílù gidi ló wà níbẹ̀ ni, ì bá fa ọwọ́ sẹ́yìn díẹ̀ nígbà tí ohùn bá fẹ́ já. Ẹ̀rọ ò fà á.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ yẹn náà ní bàbá. Broadrick ti sọ pé ìlù inú "Christbait Rising" jẹ́ ìgbìyànjú òun láti ṣe irú ìlù tó wà nínú "Microphone Fiend," orin tí Eric B. àti Rakim, àwọn olórin hip-hop láti New York, gbé jáde ní 1988. Eric B. àti Rakim pẹ̀lú gé tiwọn láti inú "Schoolboy Crush," orin Average White Band, ẹgbẹ́ kan láti Scotland, tó jáde ní 1975. Ẹ tọ̀ ọ́ dé ìdí, ẹ ó bá èèyàn kan tó mú igi ìlù lọ́wọ́, tó ń làágùn. Àwa tí à ń kọ kóòdù mọ irú ìdílé yìí. O gbà á lọ́wọ́ ẹnì kan, òun náà gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíì, tó bá yá, o bá ọwọ́ ẹnì kan nísàlẹ̀ pátápátá.

Lọ́dún tó kọjá, bàbá wa kú.

A ò lè lọ sílé. Ìwé ìgbélùú wa wà níbi tí wọ́n ti ń bá wa tún un ṣe, ẹni tó bá sì jáde lásìkò yẹn lè má rọ́nà wọlé mọ́. A jókòó sí kíṣìnì, a gbé fóònù ti ìgò òróró, à ń wo ìsìnkú bàbá wa lórí WhatsApp. Àwọn onílù dé. Wọ́n ki bàbá débi pé àwọn àgbà ń nu ojú. Lẹ́yìn náà, ọ̀gá onílù kọjú sí fóònù tí ìbátan wa gbé dání, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwa náà. Ó pe ẹ̀gbọ́n. Ó ń pe àbúrò lọ́wọ́ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì gé.

Ìlù tó bá pè ọ́, ó fẹ́ kí o jẹ́. Kí o jó síwájú, kí o nawó, kí wọ́n rí ojú rẹ. A ò lè jẹ́. Nígbà tí ìbátan wa fi fídíò náà ránṣẹ́ lódindi lálẹ́ ọjọ́ náà, a ò ṣí i. Àbúrò lọ síbi iṣẹ́. Píì, píì, píì.

Nígbà tó dé láàárọ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀. A fi Streetcleaner sí i, a gbé e sókè díẹ̀. Ìlù náà bẹ̀rẹ̀. Kò bi wá pé níbo la wà. Kò pe bàbá wa. Kò sọ pé ẹ mójú kúrò. Ibẹ̀ la ti sunkún, nígbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti pè wá. A rò pé ìdí nìyẹn tí àwo yìí ò fi kú: ó fi èèyàn sílẹ̀ níbi tó wà, kò parọ́ fún un nípa ibẹ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan la rí nǹkan níbẹ̀ sha. Fear Factory, ọ̀kan nínú àwọn gbajúmọ̀ ẹgbẹ́ industrial metal l'Amẹ́ríkà, ti sọ pé àwọn kọ́gbọ́n lára Godflesh. Isis, ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà míì, tún orin "Streetcleaner" gan-an kọ. Godflesh tú ká ní 2002, wọ́n padà ní 2010, wọ́n sì kọ gbogbo àwo náà lórí pèpéle ní Roadburn, ìlú Tilburg ní Netherlands, ní 2011. CD kejì nínú àtúntẹ̀ náà la wá fẹ́ràn jù. Wọ́n kó bí àwọn orin kan ṣe rí kí wọ́n tó parí wọn síbẹ̀, pẹ̀lú ìgbà tí wọ́n ń dánra wò àti ìgbà tí wọ́n wà níwájú èrò. Ẹ̀gbọ́n ní ó dà bíi kí wọ́n gbà ọ́ láyè láti ka git log ẹlòmíì: o rí ibi tó ti ń wá ọ̀nà, ibi tó ti ṣì í. Ohun tó ń dún bí irin yẹn, èèyàn ló jókòó tì í tí wọ́n ń tún un tò.

Bàbá wa náà fi ẹ̀rọ jẹun. Òfì ẹ̀rọ ni: ẹsẹ̀ á tẹ̀, ọ̀kọ̀ á lọ, ọ̀kọ̀ á bọ̀. Ohùn òfì ló máa ń jí wa láàárọ̀. Àmọ́ bí ó bá rẹ bàbá, ó dúró, òfì náà a sì dúró. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyẹn, àbúrò ló sì rí i. Òfì dúró nígbà tí bàbá dúró. Ìlù Godflesh dúró nígbà tí Broadrick bá ní kó dúró. Èyí tó wà lọ́wọ́ òun níbi iṣẹ́, kò mọ ẹni tó lè dá a dúró.

Ẹ̀gbọ́n ò rí nǹkan fọ̀. Ó ṣì ń ronú lé e lórí.

Ó tó oṣù mẹ́ta ká tó ṣí fídíò náà. Ọjọ́ Àìkú ni, àwa méjèèjì wà nílé. Onílù náà ò gé: ó pe àbúrò dópin, orúkọ àti oríkì, ó tún un pè lẹ́ẹ̀mejì. A dìde dúró ní kíṣìnì. Lẹ́yìn náà, a gba nọ́ńbà àkáǹtì onílù lọ́wọ́ ìbátan wa, a fi owó ránṣẹ́ sí i. Níbi tí wọ́n ti ní ká kọ ìdí owó náà sí, a kọ ọ́ pé: "A ti jẹ́ o."