Gọ́ọ̀mù àti Ohun Tó Fọ́

Ohun tó fọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ wò, ká tó wo gọ́ọ̀mù. Púpọ̀ nínú wa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí etí ife bá já, bí ẹsẹ̀ àga bá ń mì, bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà bá ṣí, súpà gúlù kan náà la ó rán ọmọ lọ rà. Ó máa ń dùn mí, torí ọ̀pọ̀ ohun èlò tó ṣì wúlò ló ń tibẹ̀ dé orí ààtàn.

*

Ẹ dojú garawa yín délẹ̀, ẹ wo ìdí rẹ̀. Ẹ ó rí àmì onígun mẹ́ta kékeré kan tí nọ́ńbà wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ 2, 4 tàbí 5, ẹ má wulẹ̀ fowó ṣòfò: súpà gúlù lásán ò lè dì í mú. Irú ike bẹ́ẹ̀ ló sì pọ̀ jù nínú ilé, àtabọ́ àti búta àlùwàlá. Bó ti wù kó gbẹ tó, èékánná lásán ló máa ṣí i. Ìdí nìyẹn táwọn tó ń tún ike ṣe kiri àdúgbò fi ń lo irin gbígbóná, tí wọ́n ń yọ́ ojú ibi tó sán pọ̀. Àwọn baba wa náà kì í lẹ igbá tó bá sán. Ńṣe ni wọ́n ń gán an.

*

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, lọ́dún 1942, wọ́n ń wá ike tó mọ́ gaara fún ìfojúsun ìbọn l'Amẹ́ríkà. Ohun kan tí wọ́n dán wò ń lẹ̀ mọ́ gbogbo nǹkan, wọ́n bá pa á tì. Lọ́dún 1951, Harry Coover àti Fred Joyner tún pàdé rẹ̀ nílé iṣẹ́ Kodak ní Tennessee. Ọdún 1958 ló dórí àtẹ. Súpà gúlù nìyẹn.

Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń mú un le. Torí ẹ̀ ló ṣe ń yára lásìkò òjò, tó sì ń lọ́ra lásìkò ọyẹ́. Ẹ̀kán kan tó. Bó bá pọ̀, kì í tètè gbẹ. Àwo tó fọ́ sí méjì geere ni iṣẹ́ rẹ̀. Kì í tẹ̀, torí náà kì í ṣe ti bàtà.

*

Ẹ má fi òwú nu súpà gúlù tó dà sílẹ̀. Ó lè gbóná lójijì, kó rú èéfín, kó sì jó yín lọ́wọ́.

*

Ẹ dúró ti fọ́kánáísà níbi tó ti ń lẹ túùbù, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Á fi fáìlì ha ibi tó lu títí dídán rẹ̀ á fi lọ. Á nù ún. Á fi sọ̀lúṣọ̀n pa á, á pa ojú páàṣì náà, á wá gbé méjèèjì sílẹ̀. Oníbàárà á máa kanra pé kó yára. Kò ní dá a lóhùn. Á fi ẹ̀yìn ìka kàn án. Bó bá ṣì tutù, kò tíì tó. Ìgbà tó bá kù díẹ̀ kó gbẹ tán ni yóò tó gbé e lé, tí yóò sì fi òòlù lù ú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni gọ́ọ̀mù ṣúmékà. Ohun tó ń rùn nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fò lọ kí ojú méjèèjì tó pàdé, tí wọ́n bá sì ti pàdé, kò sí àtúntò. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má sì tan iná nítòsí rẹ̀.

*

Irin, òkúta, tàbí ife tí èérún rẹ̀ ti sọnù: gọ́ọ̀mù onítúùbù méjì, irú Araldite, ló lè dí àlàfo. Ìwọ̀n kan náà ni kẹ́ ẹ fún jáde, kẹ́ ẹ pò ó títí àwọ̀ rẹ̀ á fi dọ́gba. Àwọn kan ń jẹ́ kí ìkan pọ̀ ju ìkejì lọ kó lè tètè le. Ńṣe ló máa rọ̀. Omi gbígbóná sì ń bà á jẹ́, nítorí náà ife tíì ti di ife búrọ́ọ̀ṣì nìyẹn.

*

Ẹsẹ̀ àga ń fẹ́ gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà, irú Top Bond. Ó ń wọnú igi lọ. Bó bá gbẹ, igi lè ya kí ibi tí a lẹ̀ má ya. Àmọ́ kì í lẹ̀ mọ́ gọ́ọ̀mù àtijọ́. Ẹ fi ọ̀bẹ ha ti tẹ́lẹ̀ kúrò títí igi á fi hàn, ẹ fi tuntun sí i, ẹ fi okùn dì í pinpin, ẹ má sì jókòó lé e títí di ọjọ́ kejì. Ti àga tí òjò ń pa, ẹ ka ara agolo kẹ́ ẹ tó sanwó: ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí omi ò lè yọ́.