Ọkọ̀ Akólòlò

Ní ọdún 1971, bàbá mi àgbà ra ọkọ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá sí Èkó. MGB ni orúkọ rẹ̀, ọkọ̀ pẹlẹbẹ oníjòkòó méjì tí a máa ń ká òrùlé rẹ̀ sẹ́yìn, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń sáré ṣe fàájì. Ọwọ́ òsì ni a ń wakọ̀ ní Nàìjíríà nígbà náà, nítorí náà apá ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà. Kò pẹ́ tí ó dé Lálúpọn ni ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972. Láti ìgbà náà, bí bàbá bá wà lẹ́yìn ọkọ̀ ẹrù, wọn kì í lè rí iwájú, ìyá mi àgbà tí wọ́n jókòó lápá òsì ni wọ́n máa ń na ọrùn wo ọ̀nà, tí wọn yóò sọ pé, "Ẹ dúró," tàbí, "Ó yá, ẹ kọjá." Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí àwọn méjèèjì fi wakọ̀ báyìí, tí ẹnì kan di sítíárìn mú, tí ẹnì kejì ń fi ojú wà á.

Nígbà tí ìyá àgbà kú, bàbá gbé ọkọ̀ sábẹ́ igi máńgòrò, wọn kò sì jókòó sínú rẹ̀ mọ́. Àwọn tí ń ra irin àlòkù ti yọjú lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí mo dé fún ìsinmi lọ́dún tó kọjá, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n gbìyànjú rẹ̀ wò. Wọ́n ní, "Ó dára. Ṣùgbọ́n bí kò bá dáhùn kí o tó padà sí yunifásítì lọ́jọ́ Ajé, kí wọ́n máa gbé e lọ." Ọjọ́rú ni ọjọ́ náà.

Mo fi bátìrì tuntun sí i, mo da pẹtiróòlù àtijọ́ inú rẹ̀ nù, mo rọ tuntun. Ó jí. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ó ti jí ni ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Pù-pù-pù, a dákẹ́ díẹ̀, pù-pù-pù, a tún dákẹ́. Akólòlò gan-an ni. Kábúrétọ̀ ni mo kọ́kọ́ dójú sọ, nítorí pé òun ni ìwé tí mo kà sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ jù, ẹ sáà mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ a máa gbà pé ibi tí ìwé bá ti gùn ni òtítọ́ wà. Méjì ni ó ní. Mo tú wọn, mo fọ̀ wọ́n, mo tò wọ́n padà, n kò rí ìyàtọ̀. Mo tún tú wọn. Báyìí ni ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ ṣe ṣú.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, bàbá, tí wọ́n ti ń wò mí láti orí àga wọn láìsọ nǹkan kan, wá bi mí pé: "Mẹ́rin ni sílíńdà rẹ̀. Èwo nínú wọn ni kì í jẹ́ ìpè?"

"N kò mọ̀, bàbá."

"Ṣé o ti bi wọ́n léèrè?"

Wọ́n ní kí n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí n sì máa yọ àwọn wáyà tí ó wà lórí plọ́ọ̀gì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ lásán ni mo fi fa ti àkọ́kọ́. Iná gbá mi, mo fò sẹ́yìn, bàbá sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n wá ní kí n lọ mú igi gbígbẹ. Mo fi igi yọ wáyà kìíní: ẹ́ńjìnnì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Mo dá a padà, mo yọ ìkejì: ó tún fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Mo yọ ìkẹta: kò sí ohun tí ó yí padà. Ìkẹrin ṣe bí ìkíní.

Ẹnu yà mí, nítorí ohun tí àwọn olùkọ́ wa fi ń kọ́ wa nípa ìró èdè nìyí gan-an. Yí ohùn tí ó gbẹ̀yìn "ọkọ̀" padà, ó di "ọkọ́". Oko ni o ń lọ, kì í ṣe ìrìn àjò. Bí ìtumọ̀ bá yí padà, a jẹ́ pé ohùn náà ń ṣiṣẹ́. Èyí tí o bá yọ tí ohunkóhun kò yí padà, ọ̀lẹ ni. Sáà méjì ni mo ti fi ṣe èyí lórí ìwé, kò sì wá sí mi lọ́kàn láti ṣe é fún irin.

Mo fi plọ́ọ̀gì kẹta pààrọ̀ ìkejì. Bí ó bá jẹ́ pé plọ́ọ̀gì ni ó bàjẹ́, àìsàn náà ìbá ṣí lọ sí ìkejì. Kò ṣí. Mo wo wáyà ìkẹta títí, n kò rí àpá kankan lára rẹ̀. Bàbá ní kí n fi í sílẹ̀ di alẹ́.

Iná kò sí ní ìlú lálẹ́ ọjọ́ náà, òṣùpá kò sì tíì yọ. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo jí ẹ́ńjìnnì. Inú òkùnkùn ni mo ti rí i: iná wẹ́wẹ́ aláwọ̀ aró ń fò láti ara wáyà kẹta bọ́ sára irin, ó ń dún tá-tá-tá. Rọ́bà wáyà náà ti sán níbi tí ó ti fara kan ẹ́ńjìnnì, bẹ́ẹ̀ ni iná, dípò kí ó rìn dé orí plọ́ọ̀gì, ń gba ọ̀nà àbùjá. Ọjọ́ mẹ́ta ni wáyà yìí ti fi wà níwájú mi lójú oòrùn.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Gate, n'Ìbàdàn, mo ra wáyà, mo fi sí i. Pù-pù-pù-pù. Bàbá dìde, wọ́n gba ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ sí apá òsì, wọ́n sì jókòó síbi tí ìyá àgbà máa ń jókòó.

"Máa wà á," wọ́n ní.

A kò tíì jìnnà lójú títì tí a fi bá ọkọ̀ ẹrù kan tí ó ru pákí. N kò rí iwájú. Mo rí i tí bàbá na ọrùn síta.

"Dúró," wọ́n ní. Ó ṣe díẹ̀. "Ó yá, kọjá."